Ọdún mẹ́wàá ìgbéyàwó: ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí oúnjẹ ọ̀sán nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames

Ìyá Tolú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí, n kì í dá sí i, ṣùgbọ́n lónìí mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi lọ̀ yín. Èmi àti Bàbá Tolú máa pé ọdún mẹ́wàá tí a ṣègbéyàwó ní ìparí oṣù Kẹjọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ alẹ́ ni ọkọ mi ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Bí mo bá ń wọlé ló ń jáde. Láti ọdún tá a ti bí Tolú, a ò tíì jókòó ti oúnjẹ tán lẹ́ẹ̀kan kí ọmọ má pe ọ̀kan nínú wa. Ìyá mi ti wá gbà láti bá wa mójú tó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọjọ́ kan péré, ọjọ́ Ajé ọlidé ìparí oṣù Kẹjọ yẹn.

Manchester là ń gbé. Mo fẹ́ ká wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London láàárọ̀, ká jẹun ọ̀sán nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames, ká padà sílé lálẹ́. Mo ti rí oríṣiríṣi wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ló gbé fọ́tò ife wáìnì àti Tower Bridge síta, mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú mọ́. Kí ni kí n béèrè kí n tó sanwó? Ṣé oúnjẹ ibẹ̀ ṣeé jẹ? Bàbá Tolú ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ o, ó ní òun ò fẹ́ ohun tó máa jó lábẹ́ òun. Mo tún fẹ́ ká dé ààfin Buckingham, ká gun London Eye, ká yà sí British Museum, ká sì kan Oxford Street ra nǹkan fún àwọn ọmọ. Ẹ ṣé o.

Bàbá Peckham

Ìyá Tolú, ẹ kú oríire. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín dín ẹrù yìí kù. Buckingham, British Museum, London Eye, Oxford Street, ọkọ̀ ojú omi, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, láti Manchester, lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́? Eré ìje nìyẹn, kì í ṣe fàájì. Ẹ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe olórí ọjọ́ náà, ẹ fi ibì kan ṣoṣo tì í, kó parí síbẹ̀. London ò ní sá lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì: ọjọ́ tí ẹ mú yẹn, ọjọ́ Carnival Notting Hill ni, àjọ̀dún ojú pópó. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé ọlidé náà ni wọ́n ń ṣe é. Odò jìnnà síbẹ̀, ìlù wọn ò ní dé etí yín, ṣùgbọ́n wọ́n ń dí ọ̀nà púpọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, bọ́ọ̀sì ń yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, àwọn ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan ń tì. Bí ẹ bá gba ibùdó ọkọ̀ ojú irin Euston wọlé, tẹ́ ẹ forí lé Westminster tàbí Tower Hill tààrà, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan ní òun á fi mọ́tò gbé yín yí ìlú ká.

Kí ẹ sì tó san kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi, ẹ wo ti ọkọ̀ ojú irin ná. Ọjọ́ ọlidé ni Network Rail, àwọn tó ń bójú tó ojú irin, fẹ́ràn láti fi tú ojú irin palẹ̀ ṣàtúnṣe. Mo mọ tọkọtìyàwó kan tó ń bọ̀ láti Birmingham, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gbé wọn ní ìdajì ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé etí odò, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n rí tó ń lọ. Wọ́n ń juwọ́, àwọn tó wà lókè ọkọ̀ náà ń juwọ́ padà sí wọn, wọ́n rò pé wọ́n ń kí àwọn ni.

Ṣadé Alásè

Mo ti wọ ọkọ̀ oúnjẹ orí odò yìí lẹ́ẹ̀mejì. Èyí àkọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́, èyí kejì dùn mọ́ mi títí dòní. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà kò ju àga lọ.

Nígbà àkọ́kọ́, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni mo tẹ̀. A dé inú ọkọ̀, àárín gbùngbùn ni wọ́n fi wá sí, tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́jọ, àwa méjì àti mẹ́fà mìíràn tí wọ́n ń ṣọjọ́ ìbí. Orí èèyàn ni mo ń wò, mi ò rí odò. Ọkọ mi ní kí n kúkú wá wo máàpù lórí fóònù òun, pé afárá tá a ń kọjá wà níbẹ̀. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ kejì láti ké gbàjarè. Wọ́n ní ìjókòó ni mo sanwó fún, wọn ò dárúkọ fèrèsé fún mi. Òótọ́ sì ni, èmi ni mi ò kà á.

Torí náà ẹ kọ ímeèlì sí wọn, kí èsì wà lákọsílẹ̀. Ṣé tábìlì ti ẹni méjì ni, tàbí ẹ ó pín in pẹ̀lú ẹlòmíì? Ṣé ó kan fèrèsé gan-an? “Nítòsí fèrèsé” kì í ṣe “lẹ́bàá fèrèsé”, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí òrùlé wọn jẹ́ gíláàsì látòkè délẹ̀, àwọn kan sì wà tí wíńdò wọn dà bíi ti bọ́ọ̀sì àtijọ́. Ṣé ẹ lè gòkè lọ síta tí ọkọ̀ bá ń lọ? Ìyẹn ṣe pàtàkì ju wáìnì ọ̀fẹ́ lọ. Ọ̀tún tàbí òsì ò já mọ́ nǹkan, torí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síhà Greenwich, wọ́n á ṣẹ́rí padà. Ohun tí ẹ ò bá rí ní àlọ, á bá yín ní àbọ̀.

Ó yá, oúnjẹ. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kíṣìnì inú ọkọ̀ tí mo wọ̀ kò fẹ̀ ju yàrá ìwẹ̀ mi lọ, wọ́n sì fẹ́ fi bọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Ẹni tó bá mọ iná dídá mọ̀ pé wọn ò lè máa dín nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ ronú bíi ti alásè: kí ló lè dúró nínú ooru fún wákàtí kan tí kò ní bàjẹ́? Ẹran tí wọ́n sè pẹ́ nínú ọbẹ̀, ìyẹn á tilẹ̀ dùn sí i ni. Ẹja tí wọ́n ti sè sílẹ̀ kó tutù pẹ̀lú ewébẹ̀ fún ìpanu àkọ́kọ́, kò séwu. Ohunkóhun tó yẹ kó máa ké lẹ́nu bí ẹ bá gé e jẹ, ẹ fi sílẹ̀, á ti rọ̀ kó tó kàn yín. Ẹran màlúù tí ẹ fẹ́ kó pupa díẹ̀ nínú, ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá wà lórí ilẹ̀.

Bí ara ọ̀kan nínú yín bá kọ nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń sanwó. Òfin ilẹ̀ yìí ka ohun 14 sílẹ̀ tí olóúnjẹ gbọ́dọ̀ lè sọ bóyá ó wà nínú oúnjẹ, ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, edé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kò sí ọjà láàárín odò tí wọ́n á sáré lọ bá yín ra nǹkan mìíràn.

Ohun mímu kì í sábà sí nínú owó tí wọ́n kọ síta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí tiwọn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bíìlì náà dáadáa, wọ́n lè ti fi service charge, owó iṣẹ́ àwọn agbóúnjẹ, kún un kí ẹ tó tún fi ti ọwọ́ yín lé e.

Kò-Sí-Wàhálà

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n kí ló dé tí èèyàn á fi sanwó gọbọi láti jẹ adìẹ gbígbẹ lábẹ́ afárá?

Ọkọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀, Uber Boat, odò kan náà ló ń gbà. Ẹ fi káàdì báńkì yín kan ẹ̀rọ ní èbúté, ẹ wọlé. Wọ́n ń ta kọfí nínú rẹ̀, ó sì ní ìta lẹ́yìn tí ẹ lè dúró sí. Láti Westminster dé Greenwich kò pé wákàtí kan. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, Cutty Sark ló máa kọ́kọ́ kí yín, ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n kàn ní 1869 láti máa sáré kó tíì wá láti Ṣáínà. Ẹ wá oúnjẹ gidi jẹ níbẹ̀, ẹ gun òkè inú ọgbà lọ sí Royal Observatory, ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀.

Lórí òrùlé ilé yẹn, bọ́ọ̀lù pupa ńlá kan wà lára òpó. Bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago kan lù, á gòkè dé ìdajì. Bó bá ku méjì, á kan orí òpó. Ní aago kan géérégé, á já wálẹ̀. Láti 1833 ló ti ń já bẹ́ẹ̀, kí àwọn atukọ̀ orí odò lè fi tún aago wọn ṣe. Ẹ lè dúró níta wò ó, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sísàlẹ̀, ẹ gba ọ̀nà abẹ́ odò tí wọ́n ṣí ní 1902 kọjá sí òdìkejì. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn, lábẹ́ Thames gan-an. Ó tutù níbẹ̀, ohùn yín á sì máa padà bá yín. Èmi àti ìyàwó mi ṣe é, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣadé Alásè

Kò-Sí-Wàhálà, ọ̀rọ̀ yín dára, ọ̀nà abẹ́ odò yẹn náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ ò ka ohun tí Ìyá Tolú kọ. Obìnrin tó ti ń gbé àwo kiri fún ọdún mẹ́wàá, ó fẹ́ jókòó kí ẹlòmíì gbé àwo wá bá òun. Ohun tó fẹ́ rà nìyẹn. Adìẹ kọ́.

Kò-Sí-Wàhálà

Mo gbà. Ìyàwó mi ń ka èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n má kọ nǹkan mìíràn mọ́.

Ọmọ Odò

Mo ṣiṣẹ́ ní èbúté fún ọdún mẹ́fà, èmi ni mò ń gbá okùn ọkọ̀ mú, tí mo ń so ó mọ́ òpó. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ níbí: omi fúnra rẹ̀.

Thames inú London kì í dúró sójú kan. Òkun ń tì í wọlé, òkun ń fà á padà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Láàárín ìgbà tó kún jù àti ìgbà tó fà jù, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó mítà méje. Ẹ fojú inú wo ilé alájà kan pẹ̀lú òrùlé rẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá gbéra nígbà tí omi ti fà, ìsàlẹ̀ ògiri ni ẹ ó máa gbà kọjá. Ẹni tó jókòó sínú yàrá ìjẹun, òkúta tí èéhù ti bò ni yóò máa wò, àti ẹrẹ̀, àti àwọn ẹyẹ tó ń wá nǹkan jẹ nínú ẹrẹ̀. Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kan náà, tábìlì kan náà, ojú àwọn tó ń rìn létí odò ni ẹ ó máa bá ṣe mẹ́rin. Owó kan náà ni wọ́n ń gbà fún méjèèjì.

Ó kan ẹsẹ̀ yín náà. Èbúté léfòó ni, ó ń bá omi gòkè sọ̀kalẹ̀. Afárá irin tá a fi ń wọ̀ ọ́ á tẹ́jú nígbà tí omi bá kún, á dagun nígbà tó bá fà. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, kó mọ̀ ọ́n. Ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára irin yẹn. Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ láti bá ìyàwó tuntun kan yọ gìgísẹ̀ bàtà gogoro rẹ̀ nínú ihò. Bàtà jáde, gìgísẹ̀ ò jáde. Ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan gíga, ẹsẹ̀ kan kúkúrú, ọkọ rẹ̀ ń rìn bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má baà tì í lójú.

Ẹ lọ sí ìkànnì Port of London Authority, àwọn tó ń ṣàkóso odò yìí láti 1909. Àkókò tí omi máa kún àti èyí tó máa fà wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ti èbúté Tower Pier ni kí ẹ wò. Ó ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá kún lọ́sàn-án òní, ẹrẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀ lákòókò kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàtọ̀ náà sì máa ń pọ̀ jù lẹ́yìn òṣùpá tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú. Ẹ̀yin ò lè yí ọjọ́ padà, torí ìyá yín. Ẹ lè yí wákàtí padà. Ti oúnjẹ ọ̀sán ń lọ ní nǹkan bí aago méjìlá, àwọn kan sì ní ti tíì ìrọ̀lẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Èyí tí omi bá bá mu ni kí ẹ mú.

Bí ẹ bá sì rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń ṣa nǹkan nínú ẹrẹ̀ nígbà tí omi fà, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Alákọ̀wé Woolwich

Kí ẹ má baà dà bí ẹni tí wọ́n gbé sùn kọjá, ohun tí mo máa ń fi han àlejò nìyí. Bí ẹ bá gbéra láti Westminster tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo apá òsì. Òpó òkúta gíga kan wà létí omi tí wọ́n ń pè ní Cleopatra's Needle. Íjíbítì ni wọ́n ti gbé e wá, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, 1878 ni wọ́n gbé e dúró síbẹ̀. Afárá Waterloo ló tẹ̀ lé e. Àwọn atukọ̀ ń pè é ní afárá àwọn obìnrin, torí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ṣiṣẹ́ lórí kíkọ́ rẹ̀. Ìyá Tolú, ẹ rí i pé Bàbá Tolú gbọ́ èyí.

Afárá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ nìkan ń gbà, Millennium Bridge nìyẹn. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹfà 2000, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ àwọn èèyàn, lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọ́n tì í pa. Ọdún 2002 ni wọ́n tó tún ṣí i.

London Bridge? Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín, bíríìjì lásán ni, 1973 ni wọ́n ṣí i. Èyí tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, wọ́n tà á fún ará Amẹ́ríkà kan ní 1968. Ó kó òkúta rẹ̀ lọ tò padà sí Arizona. Èyí tó lé ilé ìṣọ́ méjì sórí, tó wà nínú gbogbo fọ́tò, Tower Bridge nìyẹn, 1894. Kì í ṣí fún ọkọ̀ oúnjẹ, torí ọkọ̀ yín ò ga tó. Ọkọ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 30 ló ń ṣí fún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀, ó kéré tán wákàtí 24. Ó ń ṣí tó ìgbà 800 lọ́dún, àkókò rẹ̀ wà ní ìkànnì afárá náà. Ẹ lè rí oríire.

Bàbá Peckham

Ẹ ò sọ ti bọ́ọ̀sì! Bọ́ọ̀sì 78, tó ń gba àdúgbò wa níbí títí dòní. Ní oṣù Kejìlá 1952, ó wà lórí Tower Bridge nígbà tí afárá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lábẹ́ rẹ̀. Albert Gunter lorúkọ awakọ̀ náà. Kò tẹ bíréèkì. Ó tẹ iná sí i, bọ́ọ̀sì onípele méjì fò kọjá àlàfo náà pẹ̀lú èrò nínú. £10 ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní tún lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Tolú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Tolú. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì pa á lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ mítà méje já a láyà. Ó ń bi mí bóyá ọkọ̀ máa ń mì tí èèyàn bá ń jẹun lọ́wọ́. Èmi náà ní ìbéèrè: mo ti rán ìró àti bùbá, mo sì ra gèlè. Ṣé kò ní pọ̀ jù?

Ọmọ Odò

Kò sí ìgbì òkun níbẹ̀. Ohun tó ń mi ọkọ̀ oúnjẹ ni ọkọ̀ ayára tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ á mì díẹ̀ nínú àwo, kò ní dà. Kó jókòó ní ìsàlẹ̀, níhà àárín gígùn ọkọ̀, ibẹ̀ ló ń mì kéré jù. Kó máa wo ìta, kó má máa wo fóònù.

Ìpínrọ̀ yìí, Ìyá Tolú, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á. Ní oṣù Kẹjọ 1989, ọkọ̀ fàájì kan tó ń jẹ́ Marchioness àti ọkọ̀ mìíràn forí sọra lórí odò yìí lóru, ẹni 51 ló kú. Nǹkan yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2002, àwọn adóòlà RNLI ní ọkọ̀ lórí Thames fúnra rẹ̀ tọ̀sán tòru, ọ̀kan wà lẹ́bàá afárá Waterloo, kò sí ibùdó wọn tó ń jáde tó o. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń kéde ibi tí jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó wà kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ dákẹ́ gbọ́ ọ. Èrò ń ya fọ́tò lásìkò yẹn, ó máa ń bí mi nínú.

Gèlè: nínú yàrá ìjẹun, ẹ wé e bó bá ṣe wù yín. Bí ẹ bá ń gòkè lọ síta, ẹ fi pín-ìn-nì tó lágbára mú un tàbí kí ẹ tú u. Ẹ mú súwẹ́tà dání, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Orí omi tutù ju orí ilẹ̀ lọ.

Mọ́remí Arìnrìn-àjò

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti owó. Ọ̀pọ̀ wa rò pé gbogbo ohun tá a bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì la lè dá padà láàárín ọjọ́ 14. Tíkẹ́ẹ̀tì fàájì tó ti ní ọjọ́ pàtó kò sí nínú rẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àánú wọn lẹ wà, torí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa yíyí ọjọ́ padà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ọkọ̀ gan-an. Fáúṣà ẹ̀dínwó tí mo rà níjọ́ kan, mo ṣí i tán ni mo rí i pé kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọlidé. Bí ohun tí ẹ rà bá ju £100 lọ, ẹ fi káàdì kírẹ́díìtì san án: Section 75 nínú òfin Consumer Credit Act 1974 jẹ́ kí ẹ lè béèrè owó yín lọ́wọ́ báńkì tó ni káàdì náà bí olùtajà ò bá ṣe ohun tó ní òun ó ṣe.

Abíọ́lá B.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kó gba ìsinmi ní alẹ́ tó ṣáájú. Mo bẹ̀ yín. Ẹ bi ìyàwó mi.

Ìyá Tolú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti lọ, a ti bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo wo omi bí Ọmọ Odò ṣe wí, ti aago méjìlá bá a mu, omi ń kún bọ̀ nígbà tá a wọlé. Ọkọ̀ ojú irin pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n a ti fi wákàtí méjì sílẹ̀. Tábìlì wa kan fèrèsé, ímeèlì wọn wà lọ́wọ́ mi, mi ò tiẹ̀ ní láti yọ ọ́. Bàtà pẹlẹbẹ ni mo wọ̀. Mo rí obìnrin kan níwájú mi tí tirẹ̀ ń há sínú ihò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé mo ti kà á.

Bàbá Tolú fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú títí a fi kọjá afárá àkọ́kọ́. Ó bi ẹni tó gbé búrẹ́dì wá bóyá ọkọ̀ ti ń lọ, ìyẹn ní a ti rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ló bá jọ̀wọ́ tábìlì.

Ẹran tí wọ́n sè pẹ́ nínú ọbẹ̀ la mú, Àǹtí Ṣadé, ẹ ṣé, ó rọ̀. Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí mi ò lè ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe gbé àwo sílẹ̀, ọwọ́ mi ti na sí tirẹ̀, mo ti fà á sọ́dọ̀ ara mi, mo ti fi ọ̀bẹ gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tán kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe Tolú ló jókòó síwájú mi. Mo dá ọwọ́ dúró. Ó wò mí. Kò sọ nǹkan kan, ó gba àwo rẹ̀ padà, ó ń fi fọ́ọ̀kì mú un lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ, títí ó fi tán. Ká tó dé Tower Bridge, a ti rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ará tábìlì kejì ń wò wá.

Abíọ́lá, òótọ́ lẹ sọ. Kò gba ìsinmi. Ní àbọ̀, orí rẹ̀ ti wà lára fèrèsé, ó ń hanrun. Mo bò ó pẹ̀lú súwẹ́tà mi, mo gòkè lọ síta lémi nìkan, mo tú gèlè mi, mo fi í sínú báàgì. Ẹnikẹ́ni ò pè mí fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Mo rí afárá àwọn obìnrin.

A ò dé Oxford Street. A ò dé Buckingham. Àga kan wà létí odò, ibẹ̀ la jókòó sí, a jẹ áísíkíríìmù títí àkókò ọkọ̀ ojú irin fi tó.

Bàbá Peckham

Ẹ kú àbọ̀ o. Ó ku Greenwich.

Ìyá Tolú

Bàbá Tolú ní kí n bi Kò-Sí-Wàhálà bóyá ọ̀nà abẹ́ odò yẹn máa ń jò.